Lẹ́tà Méje Nínú Fírísà

Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Kò tíì pé ọdún tó kú, ìdílé wa kì í sì í fi orúkọ òkú tuntun sẹ́nu. Nánà ni màá máa pè é, ìyẹn ìyá tó bí ìyá mi.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni ọmọ-ọmọ Sájẹ́ǹtì Maddock kó páálí mẹ́rin wá sí ilé àkójọ ìwé ìlú wa, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ó ní àwọn fẹ́ ta ilé, inú ilé páànù ẹ̀yìnkùlé làwọn ìwé náà wà láti ìgbà tí bàbá àgbà òun ti kú, ká wò ó bóyá ó wúlò. Kò tiẹ̀ pa ọkọ̀ ẹ̀ kó tó lọ.

Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá yẹn ni ìjọba fi ṣe olórí lé àwọn èèyàn wa lórí nígbà òfin àtijọ́, àwa tá a ni ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé. O fẹ́ gbéyàwó, àfi kó fọwọ́ sí i. O fẹ́ lọ kí ìyá ẹ, àfi kó fọwọ́ sí i. Lẹ́tà tó bá sì wọlé, òun ló máa kọ́kọ́ tú u.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Nánà nígbà náà, ó ń fọṣọ ní oko àgùntàn. Ọ̀dọ́kùnrin kan, Clarrie, ń rẹ́ irun àgùntàn níbẹ̀. Òun ló kọ́ Nánà ní ìwé kíkà. Èédú ló fi ń kọ ọ́ sára àpò ìyẹ̀fun, títí Nánà fi mọ gbogbo ẹ̀. Wọ́n lọ bẹ sájẹ́ǹtì pé àwọn fẹ́ fẹ́ra. Kò gbà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Clarrie sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó di erékùṣù tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wa lọ. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ó ní kí Nánà máa kàwé o, òun máa kọ̀wé sí i.

Lẹ́tà kankan ò dé. Nánà dúró ọdún mẹ́rin, ó wá fẹ́ bàbá àgbà mi, ó bímọ mẹ́fà. Láti ìgbà náà, kò kàwé mọ́. Ara ìgò oògùn pàápàá, àwa la máa ń bá a kà á.

Èmi ni mo máa ń ka ìwé ìfẹ́ mi fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí ó fẹ́ràn kó máa bá ìwé jà.

“Marlee, ọkùnrin inú ìwé ẹ yìí, ṣé ó máa ń fọ abọ́?”

Mo ní dókítà ni.

“Dókítà tí kì í fọ abọ́. Ó dáa, ka ibi tí wọ́n ti fẹnu kora, kí n ráyè sùn.”

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn náà, nígbà tí mò ń di àwọn ìwé sájẹ́ǹtì sínú ọ̀rá, okùn ìdì kan já. Lẹ́tà méje ni. Orúkọ Nánà ló wà lójú àpò àkọ́kọ́, orúkọ bàbá ẹ̀ àti ti ìlú wa lábẹ́ ẹ̀. Mo yí i padà, mo rí Clarrie àti orúkọ erékùṣù. Gbogbo méjèèje ni wọ́n ti fi abẹ tú, tó mọ́ tónítóní.

Beryl, olórí wa, ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin, òfin ẹ̀ ò sì yẹ̀ rí. Ìwé tó bá ti inú ilé páànù wá, inú ọ̀rá ló ń lọ, ká gbé e sínú fírísà fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kí kòkòrò tó ń jẹ ìwé kú tẹyin tẹyin. Alápatà ìlú ló fún wa ní fírísà náà. Apá kan ẹ̀, sọ́sééjì tá a máa ń yan tà lọ́jọ́ Sátidé ló wà níbẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n mú méje péré lọ sílé. Ó na ọ̀rá kan sí mi.

“Mo gba irú ẹ̀bẹ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan. Kòkòrò wọ ìwé ìrìbọmi mẹ́ta, wọ́n di lẹ́búlẹ́bú. Orúkọ àwọn èèyàn tìẹ ló wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo bẹ̀ ẹ́.”

Mo gbà. Kí n má parọ́, kò dùn mí. Mo ti ń wo bó ṣe máa rí lọ́kàn mi: àga Nánà lábẹ́ igi ńlá tí wọ́n ń pè ní igi ata lẹ́yìn ilé, aṣọ búlúù ẹ̀, tíì, èmi tí mò ń ṣí lẹ́tà kìíní. Nínú àwọn ìwé tí mo kà dàgbà, ẹnikẹ́ni kì í jábọ̀ irú ìròyìn yẹn nídìí síńkì tí wọ́n ti ń fọ abọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò sọ nǹkan kan nílé.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, èémí Nánà ò dáa mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Mo ka ìwé ìfẹ́ kan dé ojú ewé mọ́kànléláàádọ́rùn-ún fún un, ibi tí obìnrin inú ìwé ti ń dúró de olólùfẹ́ ẹ̀ tó lọ sókè òkun.

“Kò gbọ́n,” Nánà sọ látinú ohun tí wọ́n fi bo imú ẹ̀. “Ọkùnrin tó bá fẹ́ràn ẹni, á kọ̀wé.”

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé e mì. Mo ní, “Nánà, mo ní nǹkan kan fún yín lọ́jọ́ Ẹtì.”

“Ṣé ó dáa?”

“Ó dáa gan-an.”

“Má kánjú nígbà náà.”

Ọjọ́ Ọjọ́rú ló kú.

Bí àṣà wa, wọ́n fi ewé tútù fín èéfín yí ilé ká. Ìyá mi kọ ojú àwòrán ẹ̀ sí ògiri, wọ́n kó aṣọ ẹ̀ lọ sun, aṣọ búlúù náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì a ṣí fírísà. Ìwé tó bá ti ibẹ̀ jáde tún gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rá fún odidi ọjọ́ kan, kí omi má bàa mú un. Mo dúró. Kí ni mo tún ń kánjú fún?

Àǹkú Vern ni àkọ́bí Nánà. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, títí kan àga abẹ́ igi. Kò pariwo. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni mo kọ́kọ́ rí i, mo sì ṣírò ẹ̀ fún un.

“Ọjọ́ méjìlá,” ló wí. “Ọjọ́ méjìlá lo fi ń wá ibi tí o máa gbé àga sí.”

Ó ní inú pósí ni lẹ́tà náà ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má kà á. Beryl wá bá a nílé, ó bẹ̀ ẹ́. Ó ní orúkọ sájẹ́ǹtì ni wọ́n fi sọ odò ìwẹ̀ ìlú láti bu ọlá fún un. Àwọn kan sì ń sọ pé bàbá jẹ́jẹ́ ni, pé kò fọwọ́ kan lẹ́tà ẹnikẹ́ni rí. Kò sí ìwé míì tó lè já irọ́ yẹn.

“Ẹni tí kò ni ín ti tú u nígbà kan,” Àǹkú Vern dáhùn. “Ẹ̀yin ò ní ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì.”

 Beryl wá béèrè pé àpò àwọn lẹ́tà náà ńkọ́? Orúkọ wà lára ẹ̀, òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ wà níbẹ̀, ojú abẹ náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ti ń bá mi wí láti ọjọ́ yìí pé a kì í ya ìwé kúrò nínú àpò ẹ̀, òun ló ń bẹ̀bẹ̀ pé ká yà á.

“Ẹ mú ìta,” Àǹkú Vern wí. “Inú jẹ́ tiẹ̀.”

Èmi ni wọ́n ní kí n yọ ọ́. Ògiri ni mò ń wò. Ẹ̀kẹrin há, mo ní láti wò ó kó má ya. Mi ò kà á. Ṣùgbọ́n mo rí bó ṣe kọ ọ́: gàdàgbà gàdàgbà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dá dúró, bí ìgbà tí èèyàn ń kọ̀wé sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n kà.

A sin ín lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, tòun ti lẹ́tà méjèèje. Àpò méje wà nínú páálí tá a dì pa. Nígbà tó ń kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, Beryl bi mí pé ta ni kóun kọ pé wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Mo ní kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo títí ọdún á fi yí po. Ó gbé bírò ẹ̀ sílẹ̀.