Ta Ló Máa Dúró fún Nọ́ńbà Fáìfù?

2.

…kì í sì í ṣe pé ó ṣubú. Ká ní ó ṣubú ni, Festus ìbá ti gbé ọ̀rọ̀ náà tì. Ẹni tó ń sáré lè ṣubú.

Jídé ò ṣubú. Ó dúró. Ó dúró gbagidi bí ẹni tó ń retí takisí ní Area 1. Ọmọkùnrin ẹgbẹ́ kejì tó ń bọ̀ gbé bọ́ọ̀lù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì gbá a wọlé.

Ọmọ Festus ni Jídé. Akínjídé gan-an lorúkọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń gbá, àárín gbùngbùn ẹ̀yìn, nọ́ńbà fáìfù.

Fídíò tí wọ́n ti rí i kò gùn ju kí èèyàn fún imú lọ.

3.

*Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù, Durumi, Àbújá, 2014. Abdulqudus, ará Ìlọrin tó ń ta jẹ́sì ní ọjà Gàríkì, na fóònù sí ọ̀rẹ́ rẹ̀.*

ABDULQUDUS: Baba Jídé, ẹ wo nǹkan. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ni o, èmi kọ́ ni mo yà á.

FESTUS: Kí nìyí?

ABDULQUDUS: Jídé wa. Ní Oman. Lánàá.

FESTUS: Orin wo ni wọ́n fi sí i?

ABDULQUDUS: Orin ẹ̀fẹ̀ ni. Kai, ẹ má dá wọn lóhùn. Àwọn ọmọ orí fóònù, wọn ò níṣẹ́.

FESTUS: Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀?

ABDULQUDUS: Wọ́n ní… ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

FESTUS: Kà á.

ABDULQUDUS: Wọ́n ní ó ta bọ́ọ̀lù náà. Pé ó gba rìbá kí wọ́n lè na ẹgbẹ́ tiẹ̀.

FESTUS: Yọ orin yẹn kúrò, kí n gbọ́ ohùn pápá.

ABDULQUDUS: Kò ṣeé yọ. Wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Baba, ẹni tó bá ń gbá ẹ̀yìn, wọ́n á kọjá lára rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èmi tí mo jókòó yìí, ojoojúmọ́ nìyàwó mi ń kọjá lára mi.

Gbogbo ilé ìwòran rẹ́rìn-ín. Festus ò rẹ́rìn-ín.

4.

Ó nídìí tó fi fẹ́ gbọ́ ohùn pápá.

Òun ló kọ́ Jídé ní bọ́ọ̀lù, lórí iyanrìn ẹ̀yìn kọ́tàsì wọn ní Gàríkì, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá láti Èkó. Gàríkì ìgbà náà! Ilẹ̀ pupa, ilé ò pọ̀, ọyẹ́ á gbé erùpẹ̀ wọ inú ọbẹ̀, èèyàn á sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí Festus bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ táì, á fi há ẹ̀ka igi, á wọ pápá.

Ohun kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́. Ẹni tó gbẹ̀yìn ló ń rí gbogbo pápá. Ẹni tó sì rí i ló ń sọ ọ́. Bí ọ̀tá bá ń bọ̀, kí nọ́ńbà fáìfù pariwo, kí gbogbo ará ẹ̀yìn jáde síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀tá á ṣẹ́kù lẹ́yìn wọn lóun nìkan, rẹfirí á fọn fèrè. Ọ́fúsáìdì.

"Ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gbá ẹ̀yìn," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí. "Ẹnu ni."

Nígbà tí Jídé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ìlú kan sí òmíràn, ohun àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ̀ máa ń bi í lórí fóònù kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe òtútù. *Kí ni wọ́n ń pariwo níbẹ̀?*

Gàríkì: Ẹ jáde! (Bí àwọn ọmọ Hausa bá pọ̀: Ku fito!)

Cotonou, 2010: Mọ́ntè!

Sudan, 2012: Ítílà!

Oman, 2013: Ohùn yín ń já, Bàámi.

Georgia, 2015:

Vietnam, 2016:

5.

Nínú fídíò náà, ẹ̀yìn ni Jídé kọ sí kámẹ́rà. Ẹnu rẹ̀ ò hàn.

Etí rẹ̀ hàn.

Láti kékeré, bí ọmọ yìí bá pariwo, etí rẹ̀ a máa gòkè. Ìyá rẹ̀, Jemimah, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: ẹ wo ehoro mi. Festus sún fóònù mọ́jú. Ó pa ohùn fóònù pátá, àti orin ẹ̀fẹ̀ náà. Ó wo etí.

Etí kò mira.

6.

Kò pẹ́ sígbà náà lọkọ̀ dé. Tòyótà, ó ń dán, láti ọwọ́ Jídé sí bàbá rẹ̀. Festus gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹni tó wà á wá, ó dúpẹ́, ó ra tapólì, ó bò ó. Takisí ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ó lẹ pátákó mọ́ ọn:

ỌKỌ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ MÁ BÉÈRÈ.

Ẹnìkan fi ẹfun kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:

*ṣé wíwò ni?*

7.

JEMIMAH: Baba Jídé, adìyẹ Màmá Balkis ti ń yé sábẹ́ ọkọ̀ yìí o. Ẹ ò ní wà á ni?

FESTUS: Ta ló rà á?

JEMIMAH: Ọmọ yín.

FESTUS: Ta ló fún ọmọ mi?

JEMIMAH: Iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un! Ọmọ ra ọkọ̀ fún bàbá, bàbá fi tapólì bo oore mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ bi ọmọ. Ẹ̀yin méjèèjì, dídákẹ́ nìkan lẹ mọ̀.

8.

Ẹni bá jẹ gbì níí kú gbì. Ta ló rí i nígbà tó ń jẹ ẹ́?

9.

Jídé padà wálé ní 2018. Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún. Kò kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù ní Gàríkì sọ pé àwọn fẹ́ ẹ. Àmọ́ olùkọ́ tó wà níbẹ̀ ṣáájú ti purọ́ fún àwọn òbí, ó ti kó àwọn ọmọ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe lẹ èyí mọ́ ẹnu ọ̀nà:

ÌKÉDE

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ wa gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá. Kí onídùúró jẹ́ àgbà. Kí ó mọ ẹni náà tinú tẹ̀yìn. A kò gba ìwé. Kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá.

Láníyì, akọ̀wé

10.

— Ẹ káàárọ̀ sà. Bàámi, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ rí onídùúró.

— Mo ti sọ fún wọn pé ẹ̀yin ni.

— Bàámi?

— Ẹ ti kà á sà. Mo rí àmì búlúù.

— *Mo ń ronú.*

— Kí ló gba ìrònú níbẹ̀?

Jídé ń tẹ fóònù nínú yàrá. Festus wà ní pálọ̀. Ògiri kan ló wà láàárín wọn.

11.

Díákónì ni Festus. Ní gbogbo ọdún tó lò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kò dúró fún ẹnikẹ́ni rí. Ó rí ọ̀gá kan tó dúró fún àbúrò ìyàwó rẹ̀. Àbúrò sá lọ, orúkọ ọ̀gá ò sì dìde mọ́. Orúkọ dà bí aṣọ funfun, bẹ́ẹ̀ ló rí lójú Festus. Bí epo bá ta sí i, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó dáná.

Ṣùgbọ́n bí kò bá lọ, kí ni Jídé máa ṣe?

5, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nínú fídíò náà, kí bọ́ọ̀lù tó dé, gólì wọn bojú wo Jídé.

Tàbí bọ́ọ̀lù ló ń wò.

12.

*Ọjọ́bọ̀. Jemimah mọ̀ọ́mọ̀ rán àwọn méjèèjì lọ ra ọsàn ní Zuba. Nínú takisí, nígbà tí wọ́n ń bọ̀, agbọ̀n ọsàn wà láàárín wọn. Yorùbá ni wọ́n ń sọ kí awakọ̀ má bàa gbọ́.*

FESTUS: Ní Oman. Kí ló dé tí o ò pariwo?

JÍDÉ: Ẹ ti ń gbé e kiri láti ìgbà yẹn?

FESTUS: Dá mi lóhùn.

JÍDÉ: Ọ̀rọ̀ ló sọnù mọ́ mi lẹ́nu.

FESTUS: Ọ̀rọ̀ wo?

JÍDÉ: Èyí tí wọ́n ń pè níbẹ̀. Gbogbo ibi tí mo bá dé, wọ́n ní tiwọn. Mo la ẹnu, ti Cotonou ló fẹ́ jáde. Mo gbé e mì. Tiyín ló tún dé, "Ẹ jáde!" Ta ló máa gbọ́ ọ ní Oman? Kí n tó rí èyí tó tọ́, ọmọkùnrin yẹn ti kọjá.

FESTUS: Sudan lo ti lọ sí Oman.

JÍDÉ: Bẹ́ẹ̀ ni sà.

FESTUS: Lárúbáwá ni wọ́n ń sọ ní Sudan.

JÍDÉ: Bẹ́ẹ̀ ni sà.

FESTUS: Lárúbáwá ni wọ́n ń sọ ní Oman.

AWAKỌ̀: Kai.

JÍDÉ: Lárúbáwá Sudan kọ́ ni ti Oman.

FESTUS: Ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ni, Jídé.

JÍDÉ: Bàámi. Bí mo bá ní mi ò ta bọ́ọ̀lù náà, ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́?

FESTUS:

JÍDÉ:

FESTUS:

AWAKỌ̀: Baba, ẹ má bínú o, mo gbọ́ Yorùbá. Ìlọrin ni wọ́n ti wò mí dàgbà. Ẹ dá a lóhùn.

13.

Nírọ̀lẹ́, Festus lọ bá Abdulqudus ní ọjà.

FESTUS: Ìwọ tó o kéú. Lárúbáwá Sudan àti ti Oman, ṣé ọ̀kan náà ni?

ABDULQUDUS: Èyí tí mo kọ́ nílé kéú, tìwé ni. Ẹ gbé mi sọ sí ọjà Sudan báyìí, ebi lè pa mí kí n tó rí ẹni tó máa tà mí ní búrẹ́dì.

FESTUS: Nígbà náà, òótọ́ ló sọ.

ABDULQUDUS: Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ebi lè pa mí. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń jó mi, Baba, màá pariwo. Èdè tó bá wù ú kó jẹ́.

FESTUS: Nígbà náà, irọ́ ló pa.

ABDULQUDUS: Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí i lẹ̀ ń bi mí? Jẹ́sì ni mò ń tà.

14.

Ohun tí Festus mọ̀ nípa Jídé: bó ṣe máa ń fi ẹja sílẹ̀ jẹ gbẹ̀yìn. Pé ó ń bẹ̀rù ààrá. Pé ó purọ́ nígbà kan nípa ẹni tó fọ́ gíláàsì ilé ìjọsìn, pé irọ́ náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn tó fi jẹ́ pé ọmọ ẹlòmíì ni wọ́n nà.

Ohun tí kò mọ̀: ohun tó ń jẹ ní Vietnam. Ta ló tọ́jú rẹ̀ nígbà tí orúnkún yẹ̀. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo ẹnu bó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ọkùnrin tó wà nínú yàrá yẹn.

5, lẹ́ẹ̀kẹta.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó dà bíi pé etí ọ̀tún mira díẹ̀. Festus fi ẹ̀wù nu ojú fóònù. Ó tún wò ó.

Bóyá ìka òun ló gbọ̀n.

15.

*Ọjọ́ Ẹtì, ọ́fíìsì ẹgbẹ́, Gàríkì. Jídé wà lórí bẹ́ǹṣì níta. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nítorí ooru.*

LÁNÍYÌ: Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ jókòó. Ṣé ẹ máa mu omi?

FESTUS: Ó ti tó.

LÁNÍYÌ: A ò ní pẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, ẹnu la sì fi ń bi í. Baba, ṣé ẹ mọ ọkùnrin tó wà níta yìí?

FESTUS: Ọmọ mi ni.

LÁNÍYÌ: Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín, sà.