Ta Ló Gba Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù?

Fìlà tí Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù gbàgbé sórí àga ló padà lọ mú tó fi rí ohun tí wọn ò fẹ́ kó rí. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé àpò ẹ̀jẹ̀ náà lọ́wọ́, ó fi ẹsẹ̀ tẹ garawa ìdọ̀tí kí ìdérí rẹ̀ lè ṣí, ó sì jù ú síbẹ̀ bí ẹni ju èèpo ọsàn nù.

Bàbá Oníbúlọ́ọ̀kù dúró, ó ṣì di òwú mọ́ ojú abẹ́rẹ́ níbi ìgúnpá rẹ̀.

"Ọmọ mi," ló wí, "ṣé tèmi lo dà nù yẹn?"

Nọ́ọ̀sì yíjú padà. Ó fẹ́ purọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti sọ òótọ́ kí ẹnu tó là.

Kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dun bàbá wọra, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ni bàbá yìí ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Yanrìn àti sìmẹ́ǹtì ló fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ojú rẹ̀ pọ́n, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ le koko. Bó bá ti rẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, á ní ẹ̀jẹ̀ ò tó lára wọn, kí wọ́n wá tọrọ lọ́wọ́ òun. Àṣé tirẹ̀ ló ti pọ̀ kọjá àlà. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo fún un, ara á sì máa yún un bó bá ti wẹ̀ tán. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ọṣẹ ni. Ó pààrọ̀ ọṣẹ títí ó fi sú u. Àfi ọjọ́ kan tí òòyì kọ́ ọ láàárín iṣẹ́, tí apá òsì rẹ̀ kú tipiri fún ìgbà díẹ̀, ni wọ́n bá sáré gbé e lọ sí ọsibítù.

Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. Ó ní inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀: èyí tó pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara, èyí tó funfun tó ń bá àìsàn jà, àti àwọn wẹ́wẹ́ tó ń dí ojú ọgbẹ́, tí gbogbo wọn sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi kan báyìí. Bí àwọn ti àtijọ́ ṣe ń gbó tí wọ́n ń kú, bẹ́ẹ̀ ni mùdùnmúdùn ń fi tuntun rọ́pò wọn. Mùdùnmúdùn ti bàbá ni kò mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ dúró mọ́.

"Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù tí ẹnikẹ́ni ò pa nìyẹn," ni bàbá wí. "Oníbàárà ò sí, ó ṣì ń yọ búlọ́ọ̀kù."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ó ní ẹ̀jẹ̀ náà ti ki jù, bó bá lọ dì sínú ọpọlọ, bó bá ṣàánú, yóò rọ bàbá lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀; bí kò bá ṣàánú, ó di gbére. Yàtọ̀ sí oògùn, kí wọ́n máa fa díẹ̀ kúrò níbẹ̀ lóòrèkóòrè ló kù.

Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀mí, ta ni yóò dákẹ́ kí wọ́n máa bu ẹ̀mí òun bí ẹni bu omi nínú kànga? Àwọn ọmọ bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ó kọ etí ikún sí wọn. Ìgbà tí nọ́ọ̀sì wá sọ fún un pé àwọn aláìsàn tó nílò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n á fún ló tó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè.

Ìdí wà níbẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bí àbíkẹ́yìn wọn, ẹ̀jẹ̀ ya lára obìnrin náà bí omi ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí ni wọ́n sì fi dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Bàbá wá ẹni náà títí, ọsibítù ní àwọn kì í dárúkọ. Láti ìgbà náà ló ti máa ń sọ pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni, òun sì ni ọlọ́ṣà ọ̀hún. Ìgbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, ara tù ú. Bó bá ti dé, á bi nọ́ọ̀sì léèrè ẹni tó gba ti ọjọ́sí. Nọ́ọ̀sì á ní ọmọbìnrin kékeré kan ni, tàbí ìyá arúgbó kan. Bí ọmọ kan bá sáré kọjá lójú pópó, bàbá á wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín, á ní bóyá ẹ̀jẹ̀ òun ló ń sáré lọ yẹn.

Nọ́ọ̀sì fà á jókòó. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó bá ti inú irú mùdùnmúdùn bẹ́ẹ̀ wá, àwọn kì í fún ẹlòmíràn. "Kò sẹ́ni tó gbà á rí, Bàbá. Ẹ má bínú sí mi. Màmá, ìyàwó yín, ló bẹ̀ mí pé kí n sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè gbà."

Bó ṣe délé, ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ tó gbẹ. Bàbá ò tilẹ̀ jókòó.

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún," ló wí, "ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Ìyá wọn, òótọ́ ti bá tìrẹ lónìí."

Obìnrin náà ò sẹ́. Bàbá ní òun ti ń fọ́nnu kiri ìlú pé òun ń gba ẹ̀mí là, àṣé garawa ìdọ̀tí lòun ń bọ́. Ó ní òun ò padà síbẹ̀ mọ́ láéláé. Kí ẹ̀jẹ̀ òun jókòó sára òun. Bó bá wù ú kó dì, kó dì.

Ọjọ́ àtilọ sí ọsibítù tún pé, bàbá gba ibi iṣẹ́ lọ ní tiẹ̀. Orí ti tún ń wúwo fún un, ara ń yún un bí ẹni tí èèrà bò, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Nígbà tí oòrùn mú, ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń bọ̀. Obìnrin náà kì í wá síbẹ̀. Eruku sìmẹ́ǹtì máa ń mú un húkọ́. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù gbígbẹ kan, àwọn òṣìṣẹ́ sì fi ọgbọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọjọ́ tí wọ́n fún mi lẹ́jẹ̀," ló wí, "ta ló gbà á?"

"Ìwọ kọ́?"

"Èmi ni wọ́n fà á sí lára. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ń yí gbirigbiri nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù lọ́jọ́ náà, tí àwọn èèyàn ń dì mú? Ká ní mo kú, ta ni ì bá dá tọ́ ọmọ mẹ́rin?"

Bàbá ń fi ìka họ sìmẹ́ǹtì tó gbẹ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀ ń wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ yín ń ṣe lóore. Ẹ ò rí mi ni? Bí wọ́n bá ti dà á nù, tí ẹ tún fi ẹsẹ̀ ara yín rìn wọlé wá bá mi, èmi ni wọ́n fún. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá wọn. Bí ẹ bá sùn tí ẹ dákẹ́ jù, mo máa ń gbé ọwọ́ síwájú imú yín bóyá ẹ ṣì ń mí. Irọ́ ni mo pa. Bó bá tún kàn, màá tún pa á."

Bàbá ń wo ilẹ̀. Ohun tó sọ ò ju pé kí obìnrin náà dìde, pé eruku ti ba aṣọ rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ló pe ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, ó sì lọ bọ́ sẹ́yìn ìyàwó rẹ̀.

Ojú ń ti nọ́ọ̀sì nígbà tó rí àwọn méjèèjì. Ó fi abẹ́rẹ́ wá iṣan, ó rí i, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ó dúdú, ó ki. Ìyàwó bàbá jókòó tì í. Nígbà tí àpò kún, nọ́ọ̀sì tú okùn rẹ̀, ó fẹ́ rọra fi aṣọ funfun bò ó kó tó gbé e jáde.

"Má bò ó, ọmọ mi," ni bàbá wí. "Dà á nù. Ìyàwó mi ti gba tirẹ̀."