Ẹ̀kọ́ Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé

“Ìyá Lukman, ẹ gbé ọwọ́ yẹn sókè dáadáa, kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà rí i.”

Nímọ́tà gbé e sókè. Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín nìkan ló kù ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì ti jẹ ìyókù. Ọ̀gbẹ́ni Bàrúwà, máníjà ilé-iṣẹ́ ìrẹsì kan ní Ayétòrò, yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n,” ló wí.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò ṣáà sẹ́ni tó bi í pé ta ló gbẹ́ kòtò ọ̀hún.

Nígbà tí ìjọba ti bọ́dà, ìrẹsì òkèèrè wọ́n bí ojú, ìrẹsì ilẹ̀ wa tí wọ́n ń yínmú sí tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń jà sí. Ilé-iṣẹ́ náà, tó jẹ́ pé ọwọ́ làwọn obìnrin fi ń ṣa òkúta níbẹ̀, ra ẹ̀rọ ńlá. Wọ́n mú olùkọ́ kan wá láti Ìlaròó. Ó kọ́ wọn pé kí wọ́n máa pa ẹ̀rọ kí wọ́n tó fa èèpo tó bá há sí i lẹ́nu. Olùkọ́ náà kò tíì délé tí Bàrúwà fi kọ́ wọn ní tiẹ̀: ẹ̀rọ yìí kì í tètè tan, ẹni tó bá pa á, kó máa lọ sílé rẹ̀. Ẹ̀kọ́ wá di méjì, èyí tó ń mú oúnjẹ wá ni wọ́n dì mú. Òun náà ló gba ìka lọ́wọ́ Nímọ́tà.

Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ wà nílé. Ta ni yóò gba obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ kò pé síṣẹ́? Bàrúwà ní òun kò ní lé e, kó ṣáà máa sọ fún àwọn tuntun ní àràárọ̀ ọjọ́ Ajé pé àìgbọràn òun ló fà á. Wọ́n ń pe ìyẹn ní àánú.

Toyibat, àbúrò Nímọ́tà, wà lára àwọn tuntun ọjọ́ náà. Owódé ló ti ń ta ìrẹsì kí wọ́n tó ti bọ́dà tí ọjà fi kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nímọ́tà bẹ̀ ẹ́ títí pé kó má wá. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí n wá jẹ kí ni?” ló fi dá a lóhùn.

Toyibat nawọ́ sókè. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó kiwọ́ bọ̀ ọ́?”

Bàrúwà ń wo Nímọ́tà. Òótọ́ ti dé ẹnu obìnrin náà.

“Mi ò pa á,” ló wí. “Wọ́n kọ́ mi, mi ò gbọ́.”

Ìtìjú bò ó, kò lè wo ojú àbúrò rẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ kò tíì wọra tí èèpo fi há ẹ̀rọ lẹ́nu. Toyibat nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń pa á, bí wọ́n ṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ.

“Má pa á,” ni Bàrúwà wí jẹ́jẹ́. “Àwọn oníbàárà ń dúró níta. Ìyá Lukman, ẹ fi bí a ṣe ń ṣe é han àbúrò yín.”

Ẹ̀rọ ń yí. Nímọ́tà rìn lọ bá Toyibat, ó gbá apá ọ̀tún rẹ̀ mú, ó fà á sẹ́yìn, àfi bíi pé ó fẹ́ mú un jáde. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo Bàrúwà.

“Ọwọ́ òsì ni kó o kì bọ̀ ọ́,” ó sọ ọ́ sí i létí. “Ọ̀tún lo fi ń jẹun.”