Ọ̀nà Kẹta Tí Kò Dán Wò

"Ìwé ìdánwò sọ pé ètò náà ṣiṣẹ́," ni ọ̀gá wí. "A jẹ́ pé ẹni tó kó o sínú ẹ̀rọ ló ṣe é ṣì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ sinmi nílé ná."

Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ọ́fíìsì ń pe bàbá náà. Kò jiyàn. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ó lè jẹ́ èmi lóòótọ́. Ojú mi kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Kíákíá lọ́kàn. Òun ló kọ ìwé ìdánwò náà. Torí pé ọwọ́ rẹ̀ yá níṣẹ́ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Kíákíá.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ òtútù fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n ń ṣe. Àyè inú rẹ̀ há, ni wọ́n bá pa àkójọ irinṣẹ́ ńlá ti èdè C, èdè tí wọ́n fi kọ ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, tì, wọ́n mú èyí tó fúyẹ́ jù. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti lò ó. Wọ́n lè di àkójọ náà mọ́ inú ètò gan-an, wọ́n sì lè fi irinṣẹ́ tó bá a wá kọ́ ètò. Kíákíá dán méjèèjì wò, ó pa ẹ̀rọ, ó tún tan án, kò sí wàhálà. Ó ku ọ̀nà kẹta, níbi tí ètò yóò ti máa wá àkójọ náà fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá jí. Ṣùgbọ́n ìyá ọkọ rẹ̀ ń dúró dè é ní gáréèjì. Ló bá máàkì í nínú ìwé pé ó ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kẹta yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ wá yàn.

Ní ilé ìwòsàn kan, iná lọ, iná dé. Ẹ̀rọ jí, ó wá àkójọ rẹ̀ títí, kò rí i, ó dákẹ́. Fíríìjì gbóná, aago ìkìlọ̀ kò dún. Abẹ́rẹ́ bàjẹ́, àwọn ìyá sì pọn ọmọ wọn padà sílé.

Ẹ̀gbọ́n ti ń kó ife tíì rẹ̀ sínú báàgì.

"Ẹ dúró, sà," ni Kíákíá wí. "N ò dán ẹ̀kẹta wò."

Ọ̀gá gbé ìwé sókè. "Kí wá lèyí?"

"Irọ́ ni mo kọ síbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n gbé báàgì sílẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tú iṣẹ́ ọwọ́ ara mi wò, ìwọ sì ń kí mi láràárọ̀."

Kíákíá kúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò sọ pé kó dìde. Nígbà tó yá, ó dìde fúnra rẹ̀.

"Ọ̀gá, ohun tó bá tọ́ sí mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kó àwọn ẹ̀rọ yòókù wálé lónìí. Kẹ́ ẹ sì fún mi ní nọ́ńbà nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú fíríìjì ní ilé ìwòsàn yẹn. Òun náà á máa rò pé àṣìṣe tòun ni."

Ó pè é níṣojú àwọn méjèèjì. Fóònù dún pẹ́ kí wọ́n tó gbé e.

"Ẹ káàsán, mà," ló wí. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi."