Nọ́ńbà Ara Sáfò

Ìwọ̀n páálí bàtà ni ọkọ̀ Fọláwùmí, rímóòtù ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó máa fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gun orí òkúta lọ. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta ínfátà, ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì tan iná, ní Mẹ́rínà l'Ékòó, bá bi í pé kí ni ìyá ọlọ́mọ ń fi ọkọ̀ ìṣeré ṣe, á ní ẹni tó ń jí láago mẹ́rin láti wọ bọ́ọ̀sì ní Ìkòròdú lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó bá wù ú ní Sátidé.

Àìsàn kan ló ń ṣe ọkọ̀ náà. Bí táyà iwájú bá ti há sáàárín òkúta méjì, kì í lè yí mọ́. Fọláwùmí á tẹ rímóòtù sọ́tùn-ún, á tẹ̀ ẹ́ sósì, táyà á kàn máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Gbogbo ẹgbẹ́ wọn, àwọn tó jọ ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ díje, ló mọ̀ pé sáfò rẹ̀ ni kò lágbára, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń yí táyà iwájú. Bàbá Adéòjó, àgbà ẹgbẹ́, tó máa ń bá wọn ra ẹ̀yà ọkọ̀, ló ta tuntun fún un. Bàbá ní irin ni gbogbo jíà inú rẹ̀, àwọn eléyín tó ń yí ara wọn.

Fọláwùmí ya fọ́tò sáfò náà àti nọ́ńbà ara rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo ọjà níbi iṣẹ́, kó tó gbé sáfò àti ọkọ̀ fún Síkírù pé kó bá òun dè é. Ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni Síkírù, aládùúgbò rẹ̀ ní Itamaga, ilé-iṣẹ́ kan ní ẹsítéètì àwọn onílé-iṣẹ́ ló sì ti ń tún ẹ̀rọ ṣe. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọkọ̀ padà wá.

"Ó ti parí, Àǹtí," ló wí. Kò tilẹ̀ dúró mu omi.

Fọláwùmí to òkúta sẹ́yìnkùlé, ó gbé ọkọ̀ lé e. Táyà há. Ó tẹ rímóòtù. Táyà yí díẹ̀, ó dúró, iná iwájú ọkọ̀ ṣẹ́jú, gbogbo rẹ̀ kú pátápátá kó tó tún jí. Ó tún un ṣe, ó tún kú. Ó dorí ọkọ̀ kodò, ó wo ara sáfò, ó wo fọ́tò inú fóònù rẹ̀. Mẹ́tàdínlógún ló parí nọ́ńbà inú fọ́tò. Mẹ́rìnlélógójì ló parí ti ara ọkọ̀.

Ó pe Síkírù.

"Síkírù, ṣé sáfò tí mo gbé fún ẹ náà lo dè mọ́ ọkọ̀ mi?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀, Àǹtí?"

"Mo ní ṣé òun náà ni?"

"Ẹ ṣáà má tú u. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́."

Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí Síkírù bá kí i lẹ́nu géètì, Fọláwùmí á máa ṣọ́ ojú rẹ̀, ilẹ̀ lojú náà sì máa ń wà. Ó rántí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa díje ní Ẹ̀pẹ́ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ó rántí bí Síkírù ṣe yẹ sáfò tuntun náà wò lọ́wọ́ òun, tó yí i síwá, tó yí i sẹ́yìn. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani.

Síbẹ̀, Fọláwùmí kì í ṣe ẹni tí ìbínú ń gba mítà iná lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wọn iná tó ń lọ sínú sáfò. Fóólítì mẹ́fà ni nígbà tí táyà wà lófìfo. Bí táyà ṣe há báyìí, ó já wálẹ̀ sí mẹ́rin. Ó mọ àìsàn yìí dáadáa. Àwọn oníbàárà rẹ̀ náà máa ń ra ínfátà ńlá, wọ́n á wá fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó. Sáfò alágbára, iná púpọ̀ ló ń mu, pátákó tó ń darí ìyára ọkọ̀ ló sì ń bù ú fún un. Èyí tó ń bù kò tó o. Fọláwùmí wá ẹ̀rọ kan tí kò ju ìdérí ìgò lọ, èyí tó ń gba iná tààrà lára bátìrì, tó sì ń dín in kù sí ìwọ̀n tí sáfò fẹ́. Ó so ó mọ́ ọn. Nígbà tó tún gbé ọkọ̀ sáàárín òkúta, táyà yí wìì, òkúta kan sì yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀.

Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò dùn dénú. Bí èyí bá lágbára tó báyìí, a jẹ́ pé tòun gan-an dára jù ú lọ ni Síkírù ṣe gbé e pamọ́.

Sátidé pé. Etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n pàdé, níbi tí wọ́n kó òkúta ńláńlá jọ sí fún iṣẹ́ etí omi. Ọkọ̀ Fọláwùmí gun òkúta márùn-ún láìdúró. Ó kan Síkírù. Ní òkúta kẹta, ọkọ̀ tirẹ̀ há. Nǹkan kan ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nínú rẹ̀, táyà kò sì yí. Fọláwùmí ló sún mọ́ ọn jù, ó gbé e sókè. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí nọ́ńbà. Mẹ́tàdínlógún.

"Olè!" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Sáfò mi rèé! Síkírù jí sáfò mi!"

Gbogbo ojú yí sí wọn. Bàbá Adéòjó dìde lórí àga. Síkírù kò wo ọ̀dọ̀ Bàbá. Ọ̀dọ̀ Fọláwùmí ló bọ̀ tààrà.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ibí ni ká ti sọ ọ́!"

"Ẹ dákun, nítorí Ọlọ́run."

Ohùn rẹ̀ ló mú kí Fọláwùmí tẹ̀ lé e lọ sẹ́yìn mọ́tò kan tí wọ́n gbé síbẹ̀. Síkírù yọ sáfò náà, ó tú u. Jíà òkè nìkan ni irin. Ike ni gbogbo ìyókù, wọ́n kàn kùn wọ́n láwọ̀ irin ni, eyín méjì sì ti ká.

"Ọjọ́ tí ẹ gbé e fún mi ni mo tú u," ni Síkírù wí. "Mo rí i pé ayédèrú ni. Mo bá yọ tèmi, mo fi sí ọkọ̀ yín, mo wá fi tiyín sí tèmi."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Síkírù fi ojú júwe ọ̀dọ̀ Bàbá Adéòjó. "Bàbá ìyàwó mi ni. Ṣé kí n wá máa sọ pé àna mi ta ayédèrú fún yín ni?"

"Ṣé wọ́n mọ̀ pé ayédèrú ni?"

"Mi ò mọ̀, Àǹtí. Mi ò lè bi wọ́n."

Ojú ti Fọláwùmí débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ó gba sáfò náà, ó padà sáàárín èrò. "Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ," ló wí sókè. "Síkírù kò jí nǹkan kan. Tirẹ̀ ló yọ̀ǹda fún mi. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́." Ẹnì kan bèèrè bó ṣe jẹ́, ó ní àwọn méjèèjì ló yé.

Lẹ́yìn náà ló lọ bá Bàbá Adéòjó, ó fi sáfò náà lé wọn lọ́wọ́. "Bàbá, ẹ bá mi wo inú eléyìí, sà."

Bàbá gbé e sún mọ́ awò ojú wọn. Wọn ò sọ pé áà. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé Síkírù ló tú u?"

Fọláwùmí wò wọ́n. "Èmi ni mo tú u, sà."

"Ó dáa. Àwọn tí mo ti rà á ló tàn mí jẹ. Màá bá ẹ wá òmíràn." Wọ́n ju sáfò náà sínú àpò agbádá wọn, wọ́n kọjú sí ìdíje.

Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè má jẹ́ òótọ́. Fọláwùmí ti pe ẹnì kan lólè lọ́jọ́ náà. Kò ní agbára láti pe ẹlòmíràn.

Nígbà tí wọ́n ń padà sí Ìkòròdú, Síkírù jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì.

"Lọ́la, màá yọ sáfò rẹ fún ẹ," ni Fọláwùmí wí. "Màá sì bá ẹ so ẹ̀rọ iná yẹn mọ́ ọn."

"Ẹ ṣeun." Síkírù kọjú sójú fèrèsé. "Àmọ́ olè tí ẹ pè mí yẹn, ó dùn mí o, Àǹtí."

"Mo mọ̀. Má bínú, àbúrò mi."

Síkírù ń wo ìta títí wọ́n fi kọjá Ìtòìkín.