Tòmátì Tí Nọ́ọ̀sì Wẹ̀

Ohun tí kò yé nọ́ọ̀sì ni pé àwọn tòmátì tó fọ̀ mọ́ ló ń kú lọ, àwọn tó fi ìdọ̀tí sílẹ̀ lára wọn sì nàró ṣánṣán.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn, ló kó wọn sí ojú fèrèsé rẹ̀ kó tó rìnrìn àjò. Ó ní kó tún wọn gbìn sínú ike ńlá, kó má sì bomi rin wọ́n mọ́, ọ̀dá lòun fẹ́ fi dán wọn wò. Lọ́la ni olùkọ́ rẹ̀ ń bọ̀ wá wò wọ́n. Bí wọ́n bá kú, àbúrò yóò tún ọdún yìí kà.

Erùpẹ̀ tó ń yọ̀ lára gbòǹgbò wọn ló rí nọ́ọ̀sì lára. Ẹni tó ń fojoojúmọ́ pa kòkòrò àìfojúrí ní wọ́ọ̀dù! Ó fọṣẹ fọ gbòǹgbò bí ẹni wẹ ọmọ tuntun, ó tún yan erùpẹ̀ mìíràn lórí iná fún wọn. Ìpè láti ibi iṣẹ́ ni kò jẹ́ kó fọ àwọn tó kù. Ó kàn tì wọ́n sínú ike bẹ́ẹ̀.

Ó tẹ àbúrò láago.

"Ẹ ní ẹ fọ kí ni, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Gbòǹgbò. Àbí ìmọ́tótó ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Yéè! Ẹ ti lé àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ!"

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Òṣìṣẹ́ wo?"

"Kòkòrò àìfojúrí. Gbòǹgbò ló ń sun oje aládùn fi pe àwọn tó wù ú, àwọn náà á sì bá a fara da ọ̀dá."

"Ó ń bọ́ kòkòrò? Ó mọ̀ọ́mọ̀?"

Orí nọ́ọ̀sì dàrú. Ó sáré bu erùpẹ̀ ìdí àwọn tó nàró, ó fi tẹ ìdí àwọn tó rọ.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò ti dé, ó sì ti ro ọ̀rọ̀ ìfọ̀ náà fún olùkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àwọn ike náà títí.

"Èyí dáa gan-an! A fọ̀ wọ́n, wọ́n rọ. A ò fọ̀ wọ́n, wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n ta ló wá bu erùpẹ̀ tọ̀hún sí tibí?"

"Èmi ni, mà. Mo fẹ́ tún un ṣe ni."

"Àtúnṣe yẹn ló bà á jẹ́. Ẹ ti da méjèèjì pọ̀, a ò lè mọ ohunkóhun mọ́. Ẹ máa fọ òmíràn fún un, màmá. Mo fún un lóṣù kan sí i."

Àbúrò fò sókè. Nọ́ọ̀sì ń wo ẹnu àwọn méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, èwo gan-an ni mo ṣe dáa níbẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Wọ́n ti tẹ̀ ba orí àwọn ike.