Àyè Bẹ́ǹṣì Ọláníyan

Aago mẹ́jọ kò tí ì lù tí Dúródọlá fi dé ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tí ìjọ wọn kọ́ sí Ajah, ó gbá aṣọ pẹpẹ funfun mọ́yà bí ọmọ tuntun. Aago mẹ́wàá ni bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ wá ya ilé náà sí mímọ́. Bẹ́ǹṣì ọkọ rẹ̀ ló ń fojú wá.

Ọláníyan ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan bẹ́ǹṣì náà nígbà tí wọ́n ṣì ń jọ́sìn lábẹ́ páànù. Ó kú lọ́dún tó kọjá, ilé kò tí ì dé òrùlé. Wọ́dìn ìjọ sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: "Ìyá, bí àyè bá wà, yóò wọlé. Bí kò bá sí, ẹ ó gbé e lọ sílé."

Àyè mà wà! Bẹ́ǹṣì náà nìyẹn, láàárín gbùngbùn, níwájú pẹpẹ gan-an. Dúródọlá tẹ́ aṣọ sórí pẹpẹ, ó pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó wẹ̀yìn wò ló rí i pé àwọn àga so mọ́ra láti ògiri dé ògiri. Kò sí ọ̀nà àárín rárá.

Bó bá dákẹ́, bẹ́ǹṣì dúró. Ṣùgbọ́n ibo ni bíṣọ́ọ̀bù yóò gbà? Ibo ni ìyàwó yóò gbà lọ́jọ́ ìgbéyàwó?

"Yísà o!"

Yísà káfíńtà, tó to àwọn àga náà, sáré dé. "Ìyá, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ọ̀nà àárín dà?"

"Ọ̀nà kẹ̀? Ní mọ́ṣáláṣí wa, a kì í fi àlàfo sílẹ̀ nínú ìlà. Èṣù ló ń gba ibẹ̀ wọlé."

"Níbí, bíṣọ́ọ̀bù ló ń gba ibẹ̀ wọlé!"

Yísà fọwọ́ bo ẹnu. "Yéè! Ẹ má sọ fún bíṣọ́ọ̀bù o!"

Ni wọ́n bá dìde sí i. Dúródọlá tú gèlè, ó ń ti àga, ó ń kọrin, òógùn bò ó. Ọ̀nà là gbọọrọ láti ẹnu ilẹ̀kùn dé pẹpẹ. Bẹ́ǹṣì Ọláníyan nìkan ló ṣẹ́kù, ó dábùú ọ̀nà.

Ó fọwọ́ pa á lára. "Bá mi gbé e síta, Yísà."

Yísà nawọ́ sí ọpọ́n òkúta tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. "Ta ló ń jókòó ti ìyẹn?"

"Kò sẹ́ni tó ń jókòó. Ibẹ̀ ni àwọn òbí ń gbé ọmọ wá fún ìrìbọmi. Ńṣe ni wọ́n ń dúró."

"Abiyamọ ń dúró! Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀ṣì!" Ó ti gbé apá kan bẹ́ǹṣì náà. "Ìyá, ẹ gbé tiyín."

Bẹ́ǹṣì náà bá ibẹ̀ mu bí ìdérí ìkòkò. Wọ́dìn wọlé, ó wo bẹ́ǹṣì, ó wo Dúródọlá tí kò borí.

"Ó dáa," ni wọ́dìn wí. "Àyè wà."

Nígbà tí aago mẹ́wàá lù, tí ilẹ̀kùn ṣí, ìjókòó àkọ́kọ́ tí ẹ̀wù bíṣọ́ọ̀bù fara kàn ni ti Ọláníyan. Dúródọlá ti kígbe Halelúyà kí akọrin tó lanu.